Òru mẹ́fà ní Pólándì: mélòó fún Kraków, mélòó fún Warsaw?

Àdùkẹ́_Peckham
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Èmi, ọkọ mi àti ìyá ọkọ mi fẹ́ lọ sí Pólándì. Ẹni ọdún 68 ni Màmá. Wọ́n ń rìn dáadáa lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, àmọ́ orúnkún kì í jẹ́ kí wọ́n gbádùn àtẹ̀gùn. A ti ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù. Kraków la máa balẹ̀ sí ní Ọjọ́bọ̀, 29 oṣù Kẹwàá, aago mẹ́jọ alẹ́. Warsaw la ti máa padà sí London ní Ọjọ́rú, 4 oṣù Kọkànlá, aago 6:30 ìrọ̀lẹ́, láti pápákọ̀ òfurufú Chopin. Òru mẹ́fà nìyẹn. A ò tíì gba hòtẹ́ẹ̀lì.

Ohun tó wà lọ́kàn wa ni Auschwitz (àgọ́ tí àwọn Jámánì ti pa àwọn Júù nígbà Ogun Àgbáyé Kejì), ibi ìwakùsà iyọ̀ Wieliczka, àárín ìlú Kraków, àdúgbò àwọn Júù, Old Town ti Warsaw, àti mùsíọ̀mù kan tàbí méjì. Ọkọ mi ní ká pín in ní mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹlòmíì ní ká sùn márùn-ún ní Kraków, ọ̀kan ní Warsaw. Ẹ bá wa dá sí i.

Báyọ̀_MCR
Mẹ́rin ní Kraków, méjì ní Warsaw. Kò le rárá. Ọ̀dọ̀ Kraków ni Auschwitz àti Wieliczka wà. Ọ̀kan á jẹ odidi ọjọ́, èkejì á jẹ ìdajì. Tí ẹ bá sùn mẹ́ta péré níbẹ̀, ẹ ò ní ráyè wo ìlú fúnra rẹ̀. Warsaw ò ní ohun tó tó bẹ́ẹ̀, ilé gíga onígíláàsì ló kún ibẹ̀.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_WAW
Ẹ̀gbọ́n Báyọ̀, ẹ rọra. Ẹni tó bá ní gíláàsì ló kún Warsaw, àyíká ibùdókọ̀ Centralna ni kò kúrò.

Old Town tí ẹ ń gbọ́ yẹn, àwọn Jámánì ti sọ ọ́ di àlàpà ní 1944, lẹ́yìn tí ìlú dìde sí wọn. Lẹ́yìn ogun ni wọ́n tún un kọ́, ilé lẹ́yìn ilé, wọ́n tiẹ̀ ń wo àwòrán tí Bernardo Bellotto ti yà nípa ìlú náà ní nǹkan bí 200 ọdún ṣáájú. Nítorí àtúnkọ́ yẹn gan-an ni UNESCO fi gbà á sínú àkójọ ogún àgbáyé ní 1980. Ààfin Ọba tó wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ pẹ́ jù ú lọ: 1971 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tún un kọ́, 1984 ni wọ́n ṣí i fún ará ìlú. Àwọn àwòrán Bellotto wà nínú ààfin náà. Ẹ kọ́kọ́ wò wọ́n kí ẹ tó jáde sí ìgboro, ojú yín á là sí ohun tí ẹ ń rí.

Ẹ wá ka wákàtí. Ààfin, wákàtí méjì. POLIN, mùsíọ̀mù ìtàn àwọn Júù ilẹ̀ Pólándì, wákàtí mẹ́ta ó kéré tán, torí 1000 ọdún ni wọ́n tò kalẹ̀ síbẹ̀. Mùsíọ̀mù ìdìde 1944 (Muzeum Powstania Warszawskiego), wákàtí méjì sí mẹ́ta. Inú rẹ̀ ṣókùnkùn, ariwo wà, èrò wà. Ẹ má pa POLIN àti èyí pọ̀ ní ọ̀sán kan, orí á gbóná. Lẹ́yìn náà ni ọgbà Łazienki, tó tẹ́jú fún Màmá, àti òpópónà Krakowskie Przedmieście títí dé Nowy Świat. Ọjọ́ méjì àtààbọ̀ nìyẹn láìsáré. Mo fara mọ́ ọkọ yín: mẹ́ta-mẹ́ta.

Ìyá_Tóbi_Leeds
Ẹ̀yin méjèèjì ń ka òru, ẹ ò wo kàlẹ́ńdà. Àdùkẹ́, ọjọ́ tí ẹ máa bá nílẹ̀ ló máa pín òru yín.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Sọ́ńdè. 1 oṣù Kọkànlá ni, ọjọ́ ìrántí àwọn ẹni mímọ́. Gbogbo Pólándì á lọ sí itẹ́ òkú lọ tan àbẹ́là sí ojú oórì. Ìsinmi ìjọba ni, ọ̀pọ̀ mùsíọ̀mù á tì, ṣọ́ọ̀bù á tì. Ẹ má fi Wieliczka tàbí Wawel (òkè tí ààfin ọba Kraków wà) sí ọjọ́ yẹn.

Sátidé, 31: ọjọ́ ìsinmi àwọn Júù ni. Sínágọ́gù Remuh àti itẹ́ òkú rẹ̀ ní Kazimierz, àdúgbò àwọn Júù, á tì. Ní Fráìdè pàápàá, wọ́n máa ń tì kí oòrùn tó wọ̀, oòrùn àkókò yẹn á sì ti wọ̀ ní nǹkan bí aago 4:20, torí wọ́n á ti yí aago padà ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú.

Mọ́ńdè, 2: Ààfin Ọba Warsaw máa ń tì. Mùsíọ̀mù Czartoryski ní Kraków, níbi tí àwòrán obìnrin tó gbé ẹranko funfun lọ́wọ́ wà, iṣẹ́ Leonardo da Vinci, òun náà máa ń tì.

Túsìdè, 3: POLIN tì, mùsíọ̀mù ìdìde tì. Àwọn méjèèjì, ọjọ́ kan náà.

Ẹ rí i báyìí. Ẹni tó bá dé Warsaw ní Mọ́ńdè, tó lọ tààrà sí Ààfin, á bá ilẹ̀kùn títì. Á ní kò burú, òun á lọ POLIN lọ́la. Ọ̀la náà á tì. Òru mẹ́ta lè ṣòfò báyẹn, òru méjì sì lè tó tí ètò bá gún. Fún méjì: Mọ́ńdè ọ̀sán, mùsíọ̀mù ìdìde. Túsìdè, Ààfin àti Old Town. Ọjọ́rú láti aago 10, POLIN, kí ẹ tó lọ sí pápákọ̀.

Ìdí tí mo fi wà lẹ́yìn Báyọ̀ nìyẹn, mẹ́rin àti méjì. Kì í ṣe torí gíláàsì o.

Kọ́lá_D
Wieliczka ò lè yọ Màmá lẹ́nu. Lífítì wà níbẹ̀.

Alábùkún_Kraków
Lífítì tí Kọ́lá ń sọ, ti àjáde ni. Àwọn àlejò tó ń gba ọ̀nà tí gbogbo ayé ń gbà, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń sọ̀ kalẹ̀: àtẹ̀gùn onípákó bíi 380 ní ìbẹ̀rẹ̀, tó ń yí po yí po láìsí ibi ìjókòó. Tí ẹ bá ka ti àárín ọ̀nà mọ́ ọn, ó lé ní 800. Ìrìn abẹ́ ilẹ̀ tó kìlómítà mẹ́ta àtààbọ̀, wákàtí méjì sí mẹ́ta, ẹ ò sì lè dá dúró lẹ́yìn, torí ẹni tó ń mú yín rìn ń báṣẹ́ lọ. Sísọ̀kalẹ̀ ló ń ba orúnkún jẹ́ ju gígùn lọ. Ètò wà fún ẹni tí kò lè gun àtẹ̀gùn, àmọ́ ẹ ní láti kọ̀wé sí wọn ṣáájú, apá kan ibẹ̀ nìkan ni wọ́n sì máa mú un dé.

Ẹni tó bá lè lọ, kó mú súwẹ́tà dání. Ìwọ̀n ooru inú rẹ̀ kì í yẹ̀ lórí 17 sí 18, ẹ̀ẹ̀rùn ni o, òtútù ni o. Ọkọ̀ ojú irin SKA1 láti Kraków Główny sí Wieliczka Rynek-Kopalnia kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 25 lọ. Ṣọ́ọ̀ṣì Kinga mímọ́, tí wọ́n gbẹ́ sínú iyọ̀ ní bíi mítà 100 sísàlẹ̀ ilẹ̀, ni gbogbo èèyàn ń lọ wò.

Àdùkẹ́_Peckham
Ha, 380! Màmá ti gbọ́, wọ́n ní àwọn ò sọ̀ kalẹ̀ síbì kan, kí ọmọ àwọn lọ fúnra rẹ̀. Ẹ ṣeun, Ìyá Tóbi, a ò mọ̀ nípa ọjọ́ ìrántí yẹn rárá.

Auschwitz ńkọ́? Mo gbọ́ pé ọ̀fẹ́ ni. Ṣé ká kàn wọ bọ́ọ̀sì ká lọ?

Báyọ̀_MCR
Ọ̀fẹ́ ni, ẹ kàn lọ ní àárọ̀ kùtù. Tàbí kí ẹ gba ilé iṣẹ́ arìnrìn-àjò tó ń pa Auschwitz àti Wieliczka pọ̀ ní ọjọ́ kan, ẹ ti rẹ́ ọjọ́ kan lórí ẹ̀.

Alábùkún_Kraków
Báyọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rán wọn lọ bẹ́ẹ̀. Wíwọlé ò ní owó, òótọ́ ni, àmọ́ ìwé ìwọlé wà, orúkọ ẹni ló wà lára rẹ̀, wákàtí ìwọlé sì wà lára rẹ̀. Ojú òpó visit.auschwitz.org ni wọ́n ti ń gbà á. Ìwé ọ̀fẹ́ fún ẹni tó fẹ́ dá rìn kò pọ̀, ó sì máa ń tètè tán. Èyí tí ẹ máa rí jù ni ti ẹgbẹ́ tí olùkọ́ ibẹ̀ ń mú rìn, ìyẹn ń náni lówó. Ẹ yan èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ kọ orúkọ bó ṣe wà nínú ìwé ìrìnnà gan-an, torí wọ́n á fi wéra lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó kọ «Adukẹ» síbẹ̀ nígbà tí ìwé ìrìnnà ń jẹ́ orúkọ mìíràn máa ṣàlàyé títí. Àpò kékeré nìkan ni wọ́n ń gbà wọlé, ẹ fi àpò ẹ̀yìn sílẹ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì.

Ibẹ̀ jìn sí Kraków tó kìlómítà 65 sí 70. Bọ́ọ̀sì máa ń gbéra ní MDA, ibùdókọ̀ tó wà lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin, ó gba nǹkan bíi wákàtí kan àtààbọ̀, àwọn kan sì ń dúró lẹ́nu mùsíọ̀mù. Ẹ béèrè ibi tó máa dúró kí ẹ tó wọ̀ ọ́, torí àwọn mìíràn ìdúró wọn ìlú Oświęcim ni. Tí ẹ bá gba ọkọ̀ ojú irin, ibùdókọ̀ Oświęcim fi bíi kìlómítà méjì jìnnà sí ẹnubodè.

Ibi méjì ló wà níbẹ̀, ẹ má gbàgbé. Auschwitz I ni ilé bíríkì. Birkenau wà ní bíi kìlómítà mẹ́ta sí i, bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ ń lọ bọ̀ láàárín wọn. Àpapọ̀ rẹ̀ wákàtí mẹ́ta àtààbọ̀. Nínú Auschwitz I, àtẹ̀gùn wà nínú àwọn ilé náà, ẹsẹ̀ èèyàn sì ti jẹ òkúta rẹ̀ kọ̀lọ̀-kọ̀lọ̀. Birkenau tẹ́jú, àmọ́ ó gbòòrò, òkúta wẹ́wẹ́ ni ilẹ̀ ẹ̀, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ gidigidi, ibi ìjókòó ò pọ̀. Bàtà tó nípọn ìsàlẹ̀, ẹ̀wù òjò, fìlà. Màmá lè wo apá kìíní kí wọ́n jókòó de yín tó bá rẹ̀ wọ́n.

Ẹ gba wákàtí àárọ̀, aago 9 tàbí 10. Birkenau ni ẹ máa fi parí, ìta gbangba sì ni. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ní aago 1 ọ̀sán ní ìparí oṣù Kẹwàá, òkùnkùn ló máa bá a níbẹ̀.

Ní ti pípa á pọ̀ mọ́ Wieliczka: wákàtí 11 tàbí 12 nínú bọ́ọ̀sì àti lórí ẹsẹ̀ ni, ẹ máa jẹun nínú ọkọ̀. Ọ̀dọ́ tó ní ọjọ́ méjì péré lè gbé e. Ẹ má fi ṣe ìyá ọlọ́dún 68. Yàtọ̀ sí ti ẹsẹ̀, ohun tí ojú rí ní Birkenau kì í ṣe ohun tí èèyàn ń rí tán kó máa lọ ya fọ́tò nínú ihò iyọ̀.

Báyọ̀_MCR
Mo gbà. Ti orúkọ yẹn, mi ò mọ̀.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_WAW
Ẹ jẹ́ ká padà sórí òru. Wieliczka ti bọ́ sílẹ̀, ìdí tí ẹ fi ń fún Kraków ní mẹ́rin ti dín kù. Ẹ wò ó: Fráìdè, Rynek (ojúde ńlá àárín ìlú), Wawel àti Kazimierz. Sátidé, Auschwitz. Sọ́ńdè àárọ̀, ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin, ẹ dé Warsaw lọ́sàn-án. Nírọ̀lẹ́ ẹ lọ sí Powązki, itẹ́ òkú tí wọ́n ṣí ní 1790, kí ẹ wo bí ẹgbẹẹgbẹ̀rún àbẹ́là ṣe ń tàn láàárín igi. Bọ́ọ̀sì pàtàkì máa ń wà lọ́jọ́ yẹn. Mọ́ńdè, POLIN láàárọ̀, mùsíọ̀mù ìdìde ní ìrọ̀lẹ́ tí ẹ bá lè, Túsìdè, Ààfin, Ọjọ́rú, Łazienki. Kò sí ìsáré kankan nínú rẹ̀.

Ìyá_Tóbi_Leeds
Ìwọ ló ní kí wọ́n má pa POLIN àti mùsíọ̀mù ìdìde pọ̀, ìwọ lo tún ń pa wọ́n pọ̀ yìí.

Àbúrò, wo Fráìdè tí o kọ. Pẹpẹ igi tí Wit Stwosz gbẹ́ (1477 sí 1489) nínú ṣọ́ọ̀ṣì Mariacki, nǹkan bí aago 11:50 ni wọ́n ń ṣí i. Wawel jẹ́ wákàtí méjì sí mẹ́ta, orí òkè ló sì wà; gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ọ̀nà rẹ̀, kì í ṣe àtẹ̀gùn, àmọ́ Màmá á fẹ́ sinmi. Yàrá kọ̀ọ̀kan nínú ààfin Wawel, tíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ lọ́tọ̀, wákàtí tirẹ̀ lọ́tọ̀. Láàárín ìgbà tí ẹ bá ti jẹun ọ̀sán tán, Remuh ti fẹ́ tì. Kazimierz bọ́ nìyẹn. Ilé iṣẹ́ Schindler ní Podgórze, tó ti di mùsíọ̀mù nípa Kraków lábẹ́ àwọn Jámánì, ò tilẹ̀ sí nínú ètò rẹ.

Báwo ni Sọ́ńdè ṣe máa rí tí wọ́n bá dúró? Ọjọ́ tí mùsíọ̀mù tì ni ọjọ́ tó yẹ kéèyàn máa rìn nígboro. Rynek tó fẹ̀ ní mítà 200 níhà kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ti ṣètò rẹ̀ láti 1257, kò ní ilẹ̀kùn. Fèrè tí wọ́n ń fun látorí ilé ìṣọ́ Mariacki ní wákàtí wákàtí, tó máa ń já lójijì láàárín orin, kò ní ìsinmi. Ọgbà Planty tó yí ìlú àtijọ́ po tẹ́jú bí ẹní. Kazimierz, ọ̀sán Sọ́ńdè rọrùn ju Sátidé lọ. Ìrọ̀lẹ́, itẹ́ òkú Rakowicki, ibùdókọ̀ ojú irin ò jìnnà síbẹ̀. Àbẹ́là tó wà ní Powązki náà ló wà níbẹ̀.

Alábùkún_Kraków
Àtúnṣe kékeré, Ìyá Tóbi. Kì í ṣe gbogbo sínágọ́gù Kazimierz ló ń tì ní Sátidé. Stara Synagoga, ti àtijọ́ jù, mùsíọ̀mù ìlú ni, kì í ṣe ilé àdúrà mọ́, kì í tì ní Sátidé bíi ti Remuh. Àmọ́ ìyẹn gan-an lè tì ní 1 oṣù Kọkànlá, torí ti ìlú ni. Bẹ́ẹ̀ ni Schindler, ẹ fi sí Fráìdè ọ̀sán, kí ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì oníwákàtí ṣáájú, ó máa ń tán. Mọ́ńdè ni ọ̀fẹ́ wọn, àmọ́ wọ́n ń tètè tì lọ́jọ́ náà, ìlà sì ń gùn.

Kàtídírà Wawel kì í gba àlejò ní àárọ̀ Sọ́ńdè, ìsìn ń lọ. Ẹ lọ ní Fráìdè.

Ọ̀gá_Rélùwéè
Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọkọ̀, torí òun náà wà nínú bí ẹ ṣe máa pín òru.

EIP, ọkọ̀ ayára ti ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin PKP Intercity, ń lo nǹkan bíi wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 20 sí 30 láàárín Kraków Główny àti Warszawa Centralna. IC àti TLK, àwọn ọkọ̀ wọn mìíràn, lè pẹ́ díẹ̀ jù ú lọ, owó wọn kéré. Bọ́ọ̀sì á gbà tó wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún. Ẹ má yá mọ́tò o, ẹ ò nílò rẹ̀ nínú ìlú méjèèjì, owó páàkì á dà yín láàmú.

Owó EIP ń gòkè bí ọjọ́ ṣe ń sún mọ́. Ẹ rà á ní nǹkan bí oṣù kan ṣáájú, bí wọ́n bá ti ń tà á. Wọ́n ń yọ ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún fún ẹni tó ti pé 60. Bilet dla Seniora ló ń jẹ́, ẹ mú ìwé ìrìnnà Màmá dání, òun ni wọ́n máa wò nínú ọkọ̀. Ẹ má wọ EIP láìní tíkẹ́ẹ̀tì lọ́kàn pé ẹ máa san án nínú ọkọ̀, owó ìtanràn tí wọ́n ń lé e lórí kì í ṣe kékeré. Lára tíkẹ́ẹ̀tì, wagon ni nọ́ńbà apá ọkọ̀ tí ẹ máa wọ̀, miejsce ni ìjókòó, peron ni ibi tí ẹ ti máa wọ̀ ọ́, tor ni ojú irin.

Sọ́ńdè tí Ọmọ Ìjẹ̀bú sọ: àárọ̀ ò le. Láti ọ̀sán lọ, àwọn tó lọ sójú oórì ní ìlú wọn ti ń padà, ọkọ̀ á kún dẹ́nu. Mọ́ńdè àárọ̀ ló dáa jù fún ẹni tó mú àgbà dání. Ẹni tó ń ronú láti sùn márùn-ún ní Kraków kó wá fi ọjọ́ kan lọ bọ̀ ní Warsaw, wákàtí márùn-ún lórí irin nìyẹn, bàálù yín sì ti wà ní Warsaw tẹ́lẹ̀. Kò bọ́gbọ́n mu.

Alhaja_Ìlọrin_Luton
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ gbogbo èyí, ẹ ò sọ oúnjẹ. Ṣọ́ọ̀bù ńlá ń tì ní ọ̀pọ̀ jù lọ Sọ́ńdè láti ìgbà tí òfin 2018 ti jáde, àjọ̀dún ló tún bọ́ sí Sọ́ńdè yín yìí. Ẹ ra omi, búrẹ́dì, èso àti oògùn Màmá ní Sátidé kí alẹ́ tó lẹ́. Ilé oúnjẹ tó wà fún àlejò ní àárín ìlú á ṣí.

Ẹni tí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀: bigos (kábéèjì sísè) àti żurek (ọbẹ̀ kíkan) sábà máa ń ní i nínú. Pierogi ruskie jẹ́ ọ̀dùnkún àti wàràkàṣì, ẹran ò sí nínú rẹ̀, àmọ́ wọ́n lè da skwarki lé e lórí, ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ díndín nìyẹn. Ẹ sọ pé «bez skwarek». Ohun funfun tí wọ́n bá gbé wá pẹ̀lú búrẹ́dì lọ́fẹ̀ẹ́, tó dà bíi bọ́tà, smalec ni, ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ náà ni. Bar mleczny ni ilé oúnjẹ tówó rẹ̀ ò wọ́n, ẹ lè rí ọbẹ̀ tòmátò àti pánkéèkì ọ̀dùnkún níbẹ̀.

Kọ́lá_D
Kí n fi èyí ṣètùtù fún ti lífítì. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ìta gbangba, àmì òbìrìkìtì ni ti obìnrin, àmì onígun mẹ́ta ni ti ọkùnrin. Ọ̀pọ̀ ń gba owó, ẹ ní owó wẹ́wẹ́ lápò. Tí ẹ̀rọ ATM bá bi yín bóyá kó ṣírò rẹ̀ ní pọ́n-ùn, ẹ kọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó wà ní złoty; ibi ìbéèrè yẹn ni wọ́n ti ń jẹ èèyàn. Tíkẹ́ẹ̀tì bébà fún tíráàmù, ẹ fi bọ ẹ̀rọ kasownik lọ́gán tí ẹ bá ti wọlé. Èyí tí kò ní òǹtẹ̀ dà bí èyí tí ẹ ò rà.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_WAW
Ẹ fi kún un: ní Warsaw, ẹni tó ti pé 70 kì í sanwó bọ́ọ̀sì, tíráàmù tàbí métrò, ìwé ìdánimọ̀ èyíkéyìí ló tó. Màmá ṣì ku ọdún méjì.

Tó bá jẹ́ òru méjì náà ni ẹ mú, ẹ wá hòtẹ́ẹ̀lì lẹ́bàá Świętokrzyska, níbi tí ọ̀nà métrò méjèèjì ti pàdé. Láti ìsàlẹ̀ òpópónà Trasa W-Z, àtẹ̀gùn tó ń dá gùn máa gbé Màmá dé ojúde Ààfin. 1949 ni wọ́n ti ṣe é. Ìlú àtijọ́ Kraków ò ní irú ẹ̀, mo kàn sọ ọ́ ni o.

Túndé_Ìbàdàn
Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó ń fi ìwé ìrìnnà Nàìjíríà rìn tó sì ní ìwé ìgbélùú Bìrìtìkó, ṣé ó nílò físà? Ṣé bí a ṣe pín òru kan ọ̀rọ̀ físà?

Ìyá_Tóbi_Leeds
Ó nílò físà Schengen, ìwé ìgbélùú UK ò rọ́pò rẹ̀. Tó bá jẹ́ Kraków àti Warsaw nìkan, bó ti wù kí o pín in, ọ̀dọ̀ Pólándì náà lo ti máa béèrè físà. Tí o bá fi Prague tàbí Berlin kún un, orílẹ̀-èdè tí o ti máa sùn jù ni kí o lọ bá. Ìwé hòtẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ bo gbogbo òru, ìwé ìṣètọ́jú ìlera gbọ́dọ̀ tó 30,000 yúrò. Gba hòtẹ́ẹ̀lì tó ṣeé fagi lé láìsanwó.

Àdùkẹ́_Peckham
A ti jókòó sí i. Mẹ́rin ní Kraków, méjì ní Warsaw, ọkọ mi ti túúbá. Fráìdè: Wawel láti àárọ̀, Mariacki kí aago méjìlá tó lù, Schindler ní aago mẹ́ta. Sátidé: Auschwitz, aago 9:30. Sọ́ńdè: Rynek, Planty, Kazimierz, Rakowicki nírọ̀lẹ́. Mọ́ńdè: EIP ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án, mùsíọ̀mù ìdìde lọ́sàn-án. Túsìdè: Ààfin, Old Town. Ọjọ́rú: POLIN, ká wá lọ sí pápákọ̀.

Alábùkún_Kraków
Ó gún, àfi Fráìdè. Ẹ bẹ̀rẹ̀ Wawel ní kété tí wọ́n bá ṣí, kí ẹ mú yàrá kan tàbí méjì péré pẹ̀lú kàtídírà, ẹ má ra gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ gba tíráàmù lọ sí Podgórze, ẹ sọ̀ ní Plac Bohaterów Getta, níbi tí àwọn àga irin ńláńlá wà. Ẹ ó fi ẹsẹ̀ rìn díẹ̀ gba abẹ́ ọ̀nà ojú irin dé Lipowa 4. Tí ẹ bá ń wá hòtẹ́ẹ̀lì, ẹ béèrè winda, lífítì nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ilé inú ìlú àtijọ́ ò ní i, àjà kìíní wọn sì ga. Parter ni ilẹ̀. Ẹ má sùn sí ojú Rynek gan-an ní òpin ọ̀sẹ̀, ariwo ọmùtí kì í jẹ́ kéèyàn sùn.

Ọ̀gá_Rélùwéè
Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ibi àkọ́kọ́ tí ọkọ̀ máa dúró tí ẹ máa rí «Warszawa» lára pátákó, Zachodnia ni. Ẹ má sọ̀. Centralna ló tẹ̀ lé e, abẹ́ ilẹ̀ ni, kò sì pẹ́ púpọ̀ tó fi ń gbéra. Ẹ ti gbé ẹrù sún mọ́ ẹnu ọ̀nà láti Zachodnia, kí Màmá wà níwájú. Lífítì wà láti peron dé òkè.